Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Elékò, Àgbádárìgì, tàbí Tarkwa Bay: Ibo ni ká mú ìyá ẹni lọ wo òkun láti Ìbàdàn?

Ìyá mi wá kí wa ní Ìbàdàn láti Ṣakí, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a jẹun tán, ọmọ mi obìnrin ń fi àwòrán etíkun hàn wọ́n lórí fóònù. Wọ́n gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Láti ìgbà tí mo ti bí yín ni mo ti ń fi òkun ṣàdúrà fún yín, pé kí ire yín kún bí òkun. N kò tíì fi ojú ara mi rí i rí." Ọmọ ọdún 71 ni wọ́n nígbà náà. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti jọ lọ sí ẹ̀bá omi, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni a gbà. Ìgbà àkọ́kọ́ kò lọ bí mo ṣe rò. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó wà ní Ìbàdàn, tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń bọ̀ wá kí i, tó sì fẹ́ fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta mú wọn lọ síbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́. Ibi mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú etíkun Elékò, Àgbádárìgì, àti Tarkwa Bay. Omi dára ní gbogbo wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ fún àgbàlagbà ni ọ̀nà tí ẹ ó gbà débẹ̀, àti iye ìgbà tí wọn yóò ní láti gbé ẹsẹ̀ sókè kí wọ́n tó jókòó.

Òkun ni wọ́n fẹ́ rí ni, àbí ọ̀sà?

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n. Ọ̀sà ní òdìkejì: ẹ ó rí igi àgbọn àti òrùlé àwọn ará ibẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, omi rẹ̀ a tòrò, ọkọ̀ àwọn apẹja a máa rọra kọjá. Òkun kò ní òdìkejì tí ojú lè tó. Etí ti ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i.

Ẹ̀pẹ́ jókòó sétí ọ̀sà. Elékò, tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki, kọjú sí òkun gan-an. Àgbádárìgì ní méjèèjì: ìlú wà létí ọ̀sà, òkun sì wà lẹ́yìn erékùṣù Gberefu tó wà níwájú ìlú. Tarkwa Bay wà lẹ́nu ibi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Èkó.

Mo sọ èyí nítorí pé nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, tí gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ létí omi tí inú àwọn ọmọ ń dùn, Màámi wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Odò ńlá nìyí lóòótọ́. Òkun ńkọ́?" Ká ní Ẹ̀pẹ́ nìkan ni mo ti ṣètò, ìrìn àjò náà ì bá ti parí síbẹ̀ láìparí. Ṣùgbọ́n mo mọ bàbá kan tó jẹ́ pé ọ̀sà ló fẹ́, nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ ló ń wá. Fún irú wọn, kò sí ìdí láti kọjá Ẹ̀pẹ́ rárá.

Ọ̀nà

Ibí ni mo fẹ́ ká ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀nà ló ń ba irú ìrìn àjò yìí jẹ́ fún àwọn òbí wa.

Ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn tó fẹ́ lọ sí Elékò máa ń kọ́kọ́ wọ Èkó, kí wọ́n tó wá forí lé Lẹkki. Bí àgbàlagbà bá wà nínú ọkọ̀, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Too-géètì, ẹ gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn títí dé Ṣàgámù, ẹ yà sí ọ̀nà Benin, ẹ dé Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wá yà síhà gúúsù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láti Ẹ̀pẹ́, ẹ kọjú sí ọ̀nà Lẹkki títí ẹ ó fi dé oríta Elékò. Ẹ ò ní fojú kan súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó lálọ, ẹ ò sì ní fojú kàn án lábọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà tó gba Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Mámù lọ tààrà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ó kúrú ju ti Ṣàgámù lọ, ṣùgbọ́n kòtò máa ń wà níbẹ̀, eékún àgbàlagbà kò sì fẹ́ràn kòtò. Ẹ bi awakọ̀ tó gba ibẹ̀ lọ́sẹ̀ náà kí ẹ tó yàn án.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni a kúrò nílé. A dúró ní Ìjẹ̀bú-Òde, a jẹ ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná. Ìyá mi, tí wọ́n ń jẹ àmàlà láti kékeré, béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń tà á bí wọ́n ṣe ń rin ewùrà rẹ̀, àwọn méjèèjì sì tàkúrọ̀sọ títí tí mo fi ní kí a máa lọ. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì. Àgbàlagbà tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tó na ẹsẹ̀, tó lọ sí ilé ìtura, tó sì jẹ nǹkan gbígbóná, kò ní rojọ́ ọ̀nà mọ́. Ohun kan tí mo fẹ́ kìlọ̀ ni pé ilé ìfọpo ńlá àti èbúté tuntun tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹkki ti mú kí ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lọ́nà yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n bá yín níbi tí ẹ ń lọ.

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ lọ sí Àgbádárìgì láìfara kan Èkó, àfi tí ẹ bá gba Abẹ́òkúta, Ọ̀tà àti Àgbárá, ìyẹn náà sì ní wàhálà tirẹ̀. Bí ẹ bá gba Èkó, ẹ ó la ìlú náà kọjá dé Mile 2, Ọjọ́ àti Òkòkòmaikò kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Iṣẹ́ ọ̀nà yẹn ti pẹ́ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi òru kan ṣoṣo ṣe Àgbádárìgì. Òru méjì ni kí ẹ ṣètò, kí ọjọ́ àárín jẹ́ ọjọ́ ìsinmi tí ẹnikẹ́ni kò ní wọ ọkọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń lọ sí Tarkwa Bay. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ló ti ń rìn láti Ìbàdàn sí Èkó, kìlómítà 157 ni ojú irin náà. Ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọníyà ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́, ẹ ó sì sọ̀ ní Èbúté-Mẹ́ta. Ìyá mi dìde nínú rẹ̀, wọ́n rìn lọ rìn bọ̀, wọ́n lọ sí ilé ìgbẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni kí ó dúró, wọ́n jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń ka oko kòkó àti oko pákí. Wọ́n ní ojú irin ayé àtijọ́ ní ariwo ju èyí lọ. Iye ìgbà tó ń gbéra lójúmọ́ kò pọ̀, nítorí náà ẹ wádìí àkókò rẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò. Àní bí ẹ kò bá lọ sí Tarkwa Bay, bí òbí yín kò bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti ìgbà èwe, ó tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ jáde nílé.

Ẹsẹ̀ wọn

Ọ̀rọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ní kò lọ bí mo ṣe rò nìyí. A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Èkó, a sùn níbẹ̀, nígbà tó di ọjọ́ kejì a lọ sí èbúté láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, nítorí pé kò sí ọ̀nà mọ́tò débẹ̀. Pákó tí a ó tẹ̀ tín-ínrín. Ọkọ̀ náà ń mì. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ran èrò lọ́wọ́ ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n apá ni wọ́n ń fà, ẹni tí èjìká ń dùn kò sì fẹ́ kí a fa apá òun. Màámi gbé ẹsẹ̀ kan sí i, wọ́n dúró, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ, kí ẹ wò ó fún mi." Báwo la ṣe fẹ́ lọ? A padà.

A wá sáré wá etíkun mìíràn ní ìhà Lẹkki lọ́jọ́ náà, Sátidé sì ni. Ẹ̀rọ orin bíi mẹ́rin ló ń dún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá níwájú wa, a kò sì gbọ́ ohùn òkun tí a torí rẹ̀ wá. Ìyá mi jókòó sórí àga oníke, wọ́n dákẹ́. Nígbà tí a ń padà lọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣàdúrà fún mi bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó dùn mí títí di òní pé bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ rí òkun nìyẹn.

Kì í ṣe pé Tarkwa Bay kò dára. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni omi rẹ̀ rọra jù fún ẹni tó fẹ́ wọ inú omi, nítorí pé àwọn òkúta tí wọ́n tò wọ inú òkun lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó ni wọ́n ń gba ìgbì kí ó tó débẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òkun ńláńlá a máa kọjá nítòsí lọ sí Apápá. Bàbá tí ara rẹ̀ ṣì le, tó ṣì ń roko, tó sì fẹ́ràn láti wo ọkọ̀, yóò gbádùn rẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé ẹ sanwó, ẹ ní kí wọ́n gun àtẹ̀gùn mẹ́ta nílé láìdi nǹkan kan mú. Bí wọn kò bá lè ṣe é, ẹ yan ibòmíràn. Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, níbikíbi tó wù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ jókòó sínú rẹ̀ láìwọ life jacket, kó sì dè é dáadáa.

Àgbádárìgì wà ní àárín. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéni sọdá sí Gberefu kò pẹ́ lójú omi, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀, ìrìn orí yanrìn ló kù lábẹ́ oòrùn kí ẹ tó dé ibi tí òkun wà. Ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbà kó àwọn baba ńlá wa lọ sínú ọkọ̀ ẹrú, ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ibi tí a kì í ti í padà. Ìyàwó mi dúró ti Màámi létí ọ̀sà, èmi àti àwọn ọmọ sọdá. Wọ́n kò pàdánù, nítorí ohun tó pọ̀ jù ní Àgbádárìgì wà nínú ìlú fúnra rẹ̀, lórí ilẹ̀ gbalasa.

Etíkun Elékò ni ẹsẹ̀ kò ti ní wàhálà púpọ̀. Mọ́tò lè súnmọ́ tòsí. Yanrìn ni yóò fẹ́ da ẹsẹ̀ dúró, nítorí náà ẹ gbé àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì dání láti ilé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé èyí tí wọ́n ń yá èèyàn níbẹ̀. Ẹ gbé e sí ibi tí yanrìn ti le, níbi tí omi kò lè dé.

Ohun tí wọn yóò máa rántí

Bí òbí yín bá fẹ́ràn ìtàn, Àgbádárìgì ló borí, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà níbẹ̀, ọdún 1845 ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ CMS kọ́ ọ parí. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther gbé nínú rẹ̀. Àtẹ̀gùn wà fún ẹni tó fẹ́ gòkè, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ náà tó wò. Nígbà tí ẹni tó ń mú wa kiri dárúkọ Àjàyí, Màámi ní, "Ọmọ ilẹ̀ wa ni." Òótọ́ ni wọ́n sọ: Òṣóògùn, ní ẹkùn Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821. Ẹni náà wá ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí Àjàyí kúrò ní Àgbádárìgì lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846 ló tún fojú kan ìyá rẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún 25. Ìyá mi jókòó. Wọ́n bi í pé, "Ṣé ìyá náà dá a mọ̀?" Ọkùnrin náà fèsì pé ó dá a mọ̀. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ojú. Gbogbo ìyókù ìrìn àjò náà, ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń sọ.

Ilé ẹrú Ṣẹ́ríkí Williams Abass náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n ń kó ogójì ènìyàn sí lójú kan. Ẹ wo ojú òbí yín kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọkàn ló lè gbà á.

Ẹ̀pẹ́ kò ní ilé ìtàn tó tó bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò ní Èkó ní ìparí 1851. Ohun tí Ẹ̀pẹ́ ní ni ẹja. Ẹ mú ìyá yín lọ sí ọjà ẹja Olúwo, kí ẹ sì fún wọn ní àyè. Ọ̀bọ̀kún, èpìyà, alákàn, edé, ẹja tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà láàyè nínú ọpọ́n. Ìyá tó ti ń ra ẹja gbígbẹ ní Òkè-Ògùn láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀ yóò ná ọjà níbẹ̀ bí ọmọge. Ìgbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ni kí ẹ rà á, kì í ṣe lálọ, kí kúlà tó ní yìnyín sì wà nínú bùùtù.

Òkun kì í ṣe odò

Ní Elékò àti gbogbo etíkun tó kọjú sí òkun gbalasa, ìgbì lágbára, omi tó ń padà sì máa ń fa ẹsẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí òbí yín tẹ omi bó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó má kọjá kókósẹ̀, kí ẹ̀yin méjì dì wọ́n mú, kí ẹnikẹ́ni má sì kọ ẹ̀yìn sí òkun. Láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹsàn-án ni òkun máa ń ru jù, òjò sì wà níbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì ni mo yàn. Ojú ọ̀nà gbẹ, ìgbì rọ̀ díẹ̀.

Ìdí mìíràn tún wà. Gúúsù ni etíkun wa kọjú sí, kì í ṣe ìwọ̀ oòrùn. Lóṣù kẹfà, ẹ̀yìn igi lórí ilẹ̀ ni oòrùn ń wọ̀ sí. Lóṣù Kejìlá, ó máa ń yà síhà gúúsù tó fi jẹ́ pé ẹ ó rí i bó ṣe ń rì sínú omi lápá ọ̀tún yín. Bó bá jẹ́ èyí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n rí, ẹ ti mọ oṣù tí ẹ ó lọ.

Ní ti owó, ẹ béèrè iye ẹnu ọ̀nà, àga àti ibòòji kí ẹ tó jókòó, nítorí ó máa ń yí padà. Ní ti ibi ìsùn, yàrá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ ka òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kí ó lé ní ọjọ́ méjì sí ti ìrìn àjò náà.

Èyí tí èmi yóò yàn

Fún ìyá tí eékún ń dùn, tí kò rí òkun rí: Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú Elékò, òru kan, láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe Sátidé. Fún òbí tó jẹ́ ọmọ ìjọ tó fẹ́ràn ìtàn, tí ó sì lè fara da ọ̀nà: Àgbádárìgì, òru méjì. Fún bàbá tàbí ìyá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá: ọkọ̀ ojú irin àti Tarkwa Bay. Etíkun Ìlàjẹ, bí Ayétòrò, wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ọ̀nà Igbókọ̀dá àti ọkọ̀ ojú omi tó tẹ̀ lé e jìnnà jù fún ọjọ́ méjì, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀. Bí òbí yín kò bá lè jókòó sínú mọ́tò ju wákàtí kan lọ, Asẹ́jìrẹ́ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ni kí ẹ mú wọn lọ. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n sé níbẹ̀, kì í ṣe òkun, ṣùgbọ́n omi náà fẹ̀, ẹja tútù sì wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ohun kan tó kù tí ẹ gbọ́dọ̀ mú dání ni ìgò òfìfo tó ní ìdérí tó le. A kò mú u lọ sí Elékò. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, tí etíkun dákẹ́ tí a kò gbọ́ ohun mìíràn ju ìgbì lọ, Màámi bọ́ bàtà wọn, omi fọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n bu omi bọ́jú. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n rẹ́rìn-ín pé iyọ̀ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé kí ni àwọn fẹ́ fi bù díẹ̀ lọ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Ṣakí. Ọmọ mi da omi mímu rẹ̀ nù sórí yanrìn, ó sì na ìgò náà sí wọn.